Fúláàṣì Tí Mo Fún Sundus

Dúdú. Ó tún dúdú.

Fúláàṣì kẹta rèé. Orúkọ fídíò náà hàn ketekete, ìwọ̀n rẹ̀ pé, ọjọ́ tí mo gbé e síbẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn rí kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló pé síbẹ̀. Mo wá tẹ̀ ẹ́ kó ṣí — òkùnkùn. Òkun ni mo fi ń dán wọn wò, etí òkun wa níbí nígbà òtútù, wákàtí mẹ́rin gbáko, fídíò mélòó kan tó tò tẹ̀lé ara wọn, ìkẹyìn wọn sì ni mo tẹ̀ yìí. Kò sí omi, kò sí ìgbì, kò sí ẹyẹ kan tó fò kọjá. Òkùnkùn lásán, aago kékeré tó wà nísàlẹ̀ sì ń kà lọ bíi pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Ṣìọ̀! Ta ló ń tàn?

Ó ń rí mi lára. Nǹkan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò mi, tó ń dán bíi wúrà ìyàwó, tó ní òrùka tín-ín-rín nídìí… Ó tún gbóná. Ó gbóná mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ooru yìí ń dùn mọ́ mi nínú. Mo ní iṣẹ́ ló ń ṣe, pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í ṣàì làágùn. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Má kánjú, Najmiya. Méjìlá ló wà nínú páálí tí mo rà. Mọ́kànlá wà lórí tábìlì. Mo ti yẹ mẹ́ta wò, mẹ́jọ kù. Ó lè jẹ́ pé mẹ́ta yìí nìkan ló bàjẹ́… ó lè jẹ́…

Ìkejìlá wà ní ilé Sundus. Fídíò ìgbéyàwó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Tàbí kí n kúkú sọ pé orúkọ fídíò ìgbéyàwó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la ló sì ń wọ bàálù lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Izmir.

Mo ń ki ìkẹrin bọ̀ ọ́. Bísímílà.

Mo tiẹ̀ ń pè é ní ìdánwò! Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ya fídíò àwọn ìyàwó ní Misrata níbí, ọdún mẹ́jọ ni mo sì ti ń fi ìdánwò yẹn yangàn fún àwọn ìyá wọn. "Èmi kì í fi fúláàṣì tí mi ò dán wò lé ọmọ yín lọ́wọ́ o." Ìwé kan wà tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Báwo ló ṣe yára tó nígbà tó bá ń gba ẹrù? Báwo ló ṣe yára tó ní ìdajì ọ̀nà? Ṣé ìdérí rẹ̀ kò ní sọnù lọ́jọ́ kejì? Ṣé ó máa wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn tó lẹ̀ mọ́ ògiri, níbi tí ọwọ́ ò ti fẹ́ẹ̀ dé? Ṣé kò sanra jù, kó má baà máa fún okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra? Ṣé ó máa gba inú àpótí wúrà, lábẹ́ ẹ̀gbà ọrùn, kí ojú ọkùnrin ilé má kàn án? Ìlò ojoojúmọ́ ní tiwa nìyẹn. Mo jù ú sílẹ̀ lórí táìlì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé, mo gbé e rìn lọ ra búrẹ́dì. Mo sì ṣí fídíò àkọ́kọ́, mo wò ó fẹ́ẹ́rẹ́, mo pa á, mo ní ó dáa. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é — kó gba nǹkan, kó pa á mọ́, kó dá a padà — ìyẹn nìkan ni mi ò dán wò.

Tí kì í bá ṣe pé mo fẹ́ gbọ́ ohùn omi díẹ̀ láàárọ̀ yìí nígbà tí mò ń mu tíì, mi ò bá má tẹ ti ìkẹyìn láéláé.

Àti eré rẹ̀! Àkọ́kọ́, ó gbéra dáadáa. Ní ìdajì ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀, mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ṣàdédé tún ta kìjí, ó ń sáré ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan nínú yàrá, mò ń pàtẹ́wọ́ fún fúláàṣì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé: *ó lágbára títí dé òpin.* Òpònú! Ẹni tí kò ru nǹkan kan, kí ni kò ní jẹ́ kó sáré?

Shukri ló tà á fún mi. Shukri oníṣọ́ọ̀bù fóònù, Shukri ẹlẹ́nu dídùn.

"Àǹtí Najmiya, èyí kì í ṣe eré o! Ẹ jù ú sókun, ẹ fi táyà ọkọ̀ gùn ún, á jáde á kí yín pé salaam!"

"Shukri, ṣé kì í ṣe ayédèrú?"

"Orí ìyá mi! Tó bá já yín kulẹ̀, ẹ wá tutọ́ sí mi lójú níbí."

Màá tu ú náà ni. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi eyín fọ́ kóró elégédé, ó ń tu èèpo rẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù tíì tó mu kù, fùú, fùú. Ó mú ọ̀kan nínú fúláàṣì náà, ó gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Èèpo kóró kan lẹ̀ mọ́ ọn. Mo rí i. Mo fi etí ìborùn mi nù ún, mo sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ń pè mí ní "ojú àwọn ìyàwó". Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Itọ́ rẹ̀ ni mo fi lé Sundus lọ́wọ́…

Àmọ́ àwọn fúláàṣì dúdú wà níbẹ̀. Àwọn dúdú gàǹgà tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́jọ, tó rí wúruwùru, tí kò já mi kulẹ̀ rí. Wọ́n wà lórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Mo tilẹ̀ tún ra méjì nínú wọn. Wúrà ni mo nawọ́ sí fún Sundus, mo ní ìyàwó máa fẹ́ràn rẹ̀. Ìyàwó wo ló bẹ̀ mí? Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ láàárín ara wọn pé, ti Najmiya yàtọ̀, ó ń dán.

Ìkẹrin ti kún. Mo ń tẹ ti ìkẹyìn.

Dúdú.

Kí ló dé tí mi ò ṣí i ní ilé wọn? Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí nǹkan ṣì ṣeé tún ṣe. Mo fẹ́ ṣí i. Mo fẹ́ ṣí i o! Mo jókòó nínú yàrá Àlájà Mabruka, ìyá ìyá Sundus, tó tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú tó fi í sílẹ̀ ní ọmọ ọwọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún. Sundus wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, làálì ṣì mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ṣí fídíò àkọ́kọ́: ọkọ̀ ìyàwó tó ń fọn fèrè bọ̀, àwọn òdòdó lára rẹ̀. Àlájà mi orí. Mo wá ní kí n ṣí ti ìkẹyìn, ijó àwọn obìnrin…

"Pa á! Pa á, ọmọ mi! Ṣé o ò mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ń wọlé wọ̀de nínú ilé yìí ni?"

Mo pa á. Ta ni kò ní pa á? Ọgọ́fà obìnrin ló wà nínú fídíò yẹn, orí wọn ṣí sílẹ̀, apá wọn ṣí sílẹ̀. Wọ́n gba fóònù wọn sínú agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó bọ́ ìbora sílẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà nínú gbọ̀ngàn, ọwọ́ obìnrin bíi tiwọn ló sì wà. Kò sí ẹni tó ń ṣí irú fídíò bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí ọkùnrin wà. Mi ò ṣí i rí lójú ìyá ìyàwó kankan. Àkọ́kọ́ là ń fi ojú rí, ìkẹyìn là ń gbà gbọ́. Fúláàṣì yìí sì gbé àkọ́kọ́ mì, ó pọ ìkẹyìn dànù, bí ẹni pé ó ti gbé àárín wa rí. Ó fẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun. Ìdọ̀tí!

Lẹ́yìn náà ló wá kan àwọn ẹ̀dà tó kù.

"Ó yá, pa èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́ lójú mi."

Mo pa á rẹ́.

"Káàdì kámẹ́rà dà?"

Mo yọ ọ́, mo fún un. Àlájà kò ní kí n pa tinú ìyẹn rẹ́. Ó dìde, ó gbé odó idẹ rẹ̀ wá láti ilé ìdáná, ó ju káàdì sí i, ó gún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, káàdì di ẹ̀rún. Òórùn èròjà ọbẹ̀ gba gbogbo yàrá. "Ó tán," ló wí. "Gbogbo ọmọbìnrin ilé yìí ti padà sábẹ́ ìbora wọn." Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó wò mí.

"Ṣé ó ku ibì kan?"

"Wàláhì, Àlájà, kò ku ibì kankan."

Ó fi ọwọ́ pa mí lórí. Ó so òwú pupa mọ́ òrùka fúláàṣì náà, kókó mẹ́ta, ó tì í mọ́ inú àpótí wúrà, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Ó ní kò ní jáde níbẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí Sundus bá ń lọ. Ó da tíì fún mi, tíì onífòfó, ó fọ́n ẹ̀pà sí i lórí.

Sundus ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà kò tiẹ̀ jẹ́ kí n wọ bàtà tán.

"Àǹtí Najmiya, ẹ ṣé o. Ibi tí Màmá àgbà ti jó yẹn… ibẹ̀ ni mo fẹ́ jù. Mi ò ní wò ó o. Mi ò ní fọwọ́ kàn án títí màá fi dé ọ̀hún, tí àárò wọn bá wá sọ mí."

Kò ní wò ó. Ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú ẹran Iléyá. Ó máa dé Izmir, níbi tí kò mọ ẹnì kankan àfi ọkùnrin kan tí kò tíì mọ̀ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, méjì á kọjá. Ọkọ á lọ síbi iṣẹ́, òun á tilẹ̀kùn, á fa aṣọ fèrèsé bò ó, á ki fúláàṣì wúrà náà bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, á jókòó sílẹ̀. Ọkọ̀ ìyàwó á fọn fèrè. Á rẹ́rìn-ín. Á wá tẹ ti ìkẹyìn. Àlájà sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kò gba ìwé ìrìnnà, kò ní wọ bàálù láyé. Ijó yẹn nìkan ló kù fún ọmọ náà láti rí.

Ìkarùn-ún náà ti kún, mo ń gbé e lọ sẹ́yìn tẹlifíṣàn. Bóyá kọ̀ǹpútà mi ló ń ṣe wèrè. Bóyá fúláàṣì dáa, kọ̀ǹpútà ló dìtẹ̀… Mo ń nawọ́ lọ sẹ́yìn, ògiri ń ha mí lẹ́yìn ọwọ́. Ó wọlé. Ó rọ̀ mọ́ ọn dáadáa, ìyẹn ló wá dùn mí jù, pé ó rọ̀ mọ́ ọn dáadáa. Àwọn orúkọ yọ. Àkọ́kọ́: omi, ìgbì, ẹyẹ. Ìkejì: omi. Ìkẹta: omi, ó ń gé, ó ń já. Ìkẹrin —

Ojú ara mi ni mò ń wò nínú tẹlifíṣàn dúdú. Ìborùn ti yẹ̀ lórí mi. Ẹ wo ojú.

Ó dáa. Kí ni mo lè ṣe? Mo lè pe Sundus báyìí. "Sundus ọ̀wọ́n, fúláàṣì yẹn ò dáa." Á ní kí n bá òun ṣe òmíràn, Àǹtí. Òmíràn dà? Káàdì ti di ẹ̀rún nínú odó. Tinú kọ̀ǹpútà ti lọ lójú gbogbo wa. Ó tán. Àlájà fúnra rẹ̀ ló ní ó tán. Kò ku ibì kankan, àfi…

Rárá. Kì í ṣe ìyẹn.

Mo lè lọ sí ọ̀dọ̀ Shukri. Màá da mọ́kànlá náà sí i lójú, kí gbogbo ọjà gbọ́. Màá pè é ní olè, màá pe ìyá rẹ̀ tó fi búra. "Ẹ̀rí dà, Àǹtí? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ẹ ti dán an wò?" Bẹ́ẹ̀ ló máa sọ, pẹ̀lú kóró lẹ́nu. Ó sì máa jàre. Lẹ́yìn ariwo, Sundus á ṣì wọ bàálù pẹ̀lú òkùnkùn nínú àpò rẹ̀.

Mo lè má sọ nǹkan kan. Fúláàṣì ń bàjẹ́, kí ló kàn mí? Omi lè wọ̀ ọ́ ní Izmir. Oòrùn lè pa á. Lẹ́yìn oṣù kan, tí ọmọ náà bá pè mí tó ń sunkún, màá bá a kẹ́dùn: yéè, ayé irin! Irin kò ṣeé gbọ́kàn lé, ọmọ mi… Mo ti ń gbọ́ ohùn mi bó ṣe máa rọ̀ bí òróró. Túè! Ta ló kọ́ mi ní ohùn yẹn?

Àfi agolo mílíìkì.

Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Agolo mílíìkì ńlá tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì òtútù. Dísíìkì dúdú wà nínú rẹ̀, mo fi ìborùn àtijọ́ wé e. Ìyàwó méjìlélógójì ló wà nínú dísíìkì náà. Sundus ni ìkejìlélógójì.

Nítorí tiwọn ni! Ọlọ́run gbọ́, nítorí tiwọn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé. Rabia, ọmọ oníbúrẹ́dì, fi fúláàṣì rẹ̀ sínú àpò aṣọ ilé, ó da á sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó pè mí. Ó ń sunkún bí ẹni tó ṣòfò. Mo ní ọmọ mi, mo ti pa á rẹ́ lójú ìyá ẹ, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe. Mi ò sùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó ṣe àpèjẹ ìsọmọlórúkọ, ó tún pè mí láti yà á, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ pa mọ́. Láti ọjọ́ náà, kí n tó gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé ìyàwó, màá kọ́kọ́ da ẹ̀dà kan sórí dísíìkì. Lẹ́yìn náà ni màá lọ pa á rẹ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni màá búra. Mo ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí láti ìgbà náà. Fúláàṣì ọ̀kan sọnù, ti ẹnì kan bọ́ sómi. Wọ́n pè mí. Mo bá wọn kẹ́dùn.

Ẹ ò rí nǹkan! Mo ní tiwọn ni…

Dísíìkì yẹn, òun ni mo dán wò dáadáa. Kò sí èyí tí mi ò wò dé ìparí. Ti àkọ́kọ́, mo ní kí n kàn rí i pé ó ń ṣí. Ti ìkejì, mo ní kí n wo bí iná gbọ̀ngàn ṣe mú àwọ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò tún wá àwíjàre mọ́. Tí mo bá ti kí ìrun alẹ́ tán, màá po tíì, màá ti ilẹ̀kùn, màá sọ dísíìkì kalẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀yìn kámẹ́rà ni mo máa ń wà, kò sí ẹni tó ń fà mí lọ́wọ́ pé wá jó. Obìnrin bíi tèmi, tí ọkọ dá padà sílé bàbá lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, ta ló fẹ́ kó kọ́kọ́ jó yí ìyàwó ká? Àmọ́ níbí, èmi nìkan ni wọ́n ń jó fún. Mo mọ ẹni tí ìbàdí rẹ̀ le. Mo mọ ẹni tó ń sunkún nígbà tó rò pé kò sí ẹni tó ń wo òun.

Mo sì mọ ijó Àlájà. Wọ́n fà á títí, ó kọ̀. Ó jókòó gbọin-in pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin akọrin wá dá orin ìyá ìyàwó, ó ju ọ̀pá sílẹ̀ gbì, ó fa aṣọ orí rẹ̀ yọ, ó tú irun rẹ̀ — funfun báláú, ó gùn dé ìbàdí — ó sì jó fún ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Ó jó bí ẹni tó ń gbé nǹkan lọ́wọ́, tí kò fẹ́ kó bọ́. Sundus wólẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wò ó láti Sátidé. Àná wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kò sọnù. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín èmi àti agolo. Kí ni mo jókòó sí?

Ìbéèrè kan ni. Mo mọ ọ̀nà tí yóò gbà bi í. Kò ní pariwo, Àlájà kì í pariwo. Á wò mí. "O ní kò ku ibì kankan." Á tún wò mí. "Ti ta ni ó tún wà lọ́wọ́ ẹ?" Mi ò ní lè parọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ojú yẹn… Á sì ní kí n lọ gbé gbogbo rẹ̀ wá. Odó wà ní ilé ìdáná.

Jẹ́ kí n rò ó wò. Ká ní ó ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ní gbogbo àdúgbò, kò sí ìyá ìyàwó tó ń pè mí mọ́, wọ́n ń tutọ́ tí mo bá ń kọjá. Kámẹ́rà ti di títà. Àwọn ẹ̀gbọ́n Sundus wá halẹ̀ mọ́ bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń rán aṣọ fèrèsé, ó ti ń bẹ̀ mí láti ọjọ́ yìí kí n wá bá òun ṣe é. Màá jẹun. Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n mo ti jẹ ìtìjú rí, mo mọ adùn rẹ̀. Kò pa mí. Kí ló wá so mí mọ́ àga yìí?

Kò sí. Kò sí nǹkan kan. Màá lọ.

Màá lọ báyìí. Màá da fídíò Sundus sórí ọ̀kan nínú àwọn fúláàṣì dúdú, màá ṣí i wò dé ìparí, màá gbé agolo náà tòun ti dísíìkì síwájú Àlájà. Kó gún un. Kó gún gbogbo rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lónìí ni. Ara mi tiẹ̀ ń fúyẹ́.

Mo ń sọ agolo kalẹ̀. Mo ń so dísíìkì mọ́ kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn rèé, méjìlélógójì, orúkọ wọn tò tẹ̀lé ara wọn. Aago mẹ́wàá àbọ̀ ti lù. Aago méjìlá ọ̀sán ni iná àdúgbò wa máa lọ. Ogún ìṣẹ́jú ni dé ilé Àlájà, kò sì dìgbà tí iná bá wà kí n tó rìn. Fídíò Sundus máa gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá, mo mọ eré fúláàṣì dúdú, kì í purọ́. Wíwò rẹ̀, ká ní ọgbọ̀n. Ó ku… ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta. Láàárín ìyẹn, kọ̀ǹpútà yìí lè gba púpọ̀. Tí mo bá fi ọkọ̀ ìyàwó sílẹ̀, tí mo fi oúnjẹ sílẹ̀, tó bá jẹ́ ijó nìkan, á gba ìyàwó mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá, tí mo bá yọ ọmọ oníbúrẹ́dì kúrò, òun kò tiẹ̀ mọ ijó jó. Ti ìyàwó tó sunkún yẹn, dandan. Ti àwọn ìbejì tó lọ́kọ lọ́jọ́ kan náà. Ti olùkọ́ tó bọ́ bàtà sílẹ̀… Ti Àlájà ni màá kọ́kọ́ mú, kí iná má lọ ká a mọ́ ojú ọ̀nà…

Kí ni mò ń kà?

Najmiya. Kí ni ò ń kà yẹn?

Ta ló rán mi? Ìyàwó wo nínú wọn ló ní kí n yan òun, kí n má yan ẹlòmíràn? Mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́ olè, mo sì jókòó, mò ń ṣa èyí tí màá tún jí kí n tó lọ. Obìnrin tó fọwọ́ pa mí lórí ni mo sì fi ṣe àkọ́kọ́.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń tutọ́ sí Shukri lójú nínú ọkàn mi, tí mò ń pe irin ní ìdọ̀tí… Shukri ta ọjà tí kò dáa, ó tán. Kò sí ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ níwájú Shukri nítorí pé ó fọkàn tán an.

Ìkẹfà, tí mo ti ki bọ̀ ọ́ kí n tó dé ìdí agolo, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ti gbóná. Mi ò yọ ọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà Àlájà wà lójú rẹ̀, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ìbẹ̀rù rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́, kì í ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n Sundus, kì í ṣe ẹnu ayé. Mo ti wá gbogbo ìyẹn kiri láti àárọ̀, mo ń fi wọ́n bo ara.

Mi ò fẹ́ dá wọn padà ni.